Òkun Lápá Ọ̀tún, Aṣálẹ̀ Lápá Òsì: Ọjọ́ Kan Lórí Alùpùpù Láti Iquique Dé Antofagasta

Bí ẹ bá bi ọmọ Èkó pé ibo ni òjò ti máa ń pọ̀, àfàìmọ̀ kó má sọ pé etí òkun ni. Kò sì purọ́. Òjò tó ń rọ̀ l'Ékòó lọ́dún kan ju mílímítà 1,500 lọ, bẹ́ẹ̀ bí èèyàn bá ṣe ń rìn lọ sókè ọ̀nà Sókótó ni òjò ń dín kù. Torí náà ó ti mọ́ wa lára láti rò pé ibi tí omi bá ti pọ̀ nílẹ̀, omi á pọ̀ lókè.

Ó dáa, ẹ gbọ́ èyí. Ìlú kan wà létí òkun Pàsífíìkì ní àríwá orílẹ̀-èdè Chile, Iquique lorúkọ rẹ̀. Òjò ọdún kan gbáko níbẹ̀ kì í sábà pé mílímítà kan. Mílímítà kan o! Bí ẹ bá gbé abọ́ síta láti ọjọ́ ọdún tuntun títí di Kérésìmesì, tí òòrùn ò sì fà á gbẹ, omi inú rẹ̀ kò ní nípọn ju èékánná yín lọ. Ẹ sì lè dúró nínú ìlú yìí kí ìgbì òkun máa ta sí yín lára.

Iṣẹ́ ló gbé mi dé Iquique ní oṣù kẹsàn-án. Nígbà tí iṣẹ́ parí, mo yá alùpùpù kan, mo ní màá gba ọ̀nà etí òkun tí wọ́n ń pè ní Ruta 1 lọ sí Antofagasta. Ọ̀nà náà tó bíi kìlómítà 420 sí apá gúúsù, ọjọ́ kan sì tó o. Mo lè wọ bọ́ọ̀sì, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n inú bọ́ọ̀sì, ojú nìkan lèèyàn fi ń rí nǹkan. Lórí alùpùpù, awọ ara ni ẹ̀rọ ìwọ̀n òtútù, imú ń gbọ́ òórùn iyọ̀, apá ń mọ̀ ọ́n bí atẹ́gùn bá yí padà. Ìbéèrè tó wà lọ́kàn mi kò ju ẹyọ kan lọ: kí ló dé tí omi tó pọ̀ tó yìí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ tó gbẹ tó yìí?

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni mo gbéra. Ojú ọ̀run ṣú dẹ̀dẹ̀. Ká ní Ìbàdàn ni, àwọn tó sá aṣọ ti máa sáré ká a wọlé. Mo bi obìnrin tó ń ta epo fún mi bóyá òjò máa rọ̀, ó kọ́kọ́ wò mí, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Àwọsánmà yẹn, ó ní, ojoojúmọ́ ni.

Ẹni tó yá mi ní alùpùpù ti kìlọ̀ fún mi pé láti Iquique dé Tocopilla, bíi kìlómítà 230, kí n má gbọ́kàn lé ilé epo kankan. Kò sì gbà kí n so kẹ́ẹ̀gì epo mọ́ ẹ̀yìn, ó ní nítorí iná. Táǹkì alùpùpù náà kò gbà ju lítà 9 lọ. Bí atẹ́gùn bá rọlẹ̀, tí mo bá ń sá kìlómítà 90 ní wákàtí kan, lítà kan ń gbé mi rin bíi kìlómítà 28. Ẹ ṣírò rẹ̀: 9 lọ́nà 28, ó jẹ́ 252. Ó tó, ṣùgbọ́n kò tó ká fi yangàn. Ẹ fi ìṣírò yẹn sọ́wọ́, a máa padà lò ó.

Òtútù tó jókòó sílẹ̀

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni òtútù. Iquique ò jìnnà sí ìlà tí òòrùn ti ń wà lókè orí gan-an. Ìlú Vitória ní Brazil, tó wà ní ọ̀gbọọgba pẹ̀lú rẹ̀ ní apá kejì ilẹ̀ náà, gbóná, òjò sì ń rọ̀ níbẹ̀ dáadáa. Síbẹ̀ ẹ̀wù méjì ni mo wọ̀ sábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì, eyín mi ṣì ń gbá ara wọn nínú hẹ́lúmẹ́ẹ̀tì. Òkun ló fà á. Omi etí òkun Èkó máa ń tó bíi dígírì 27. Ní ọ̀pọ̀ oṣù, ti Iquique kì í ju dígírì 15 sí 20 lọ. Atẹ́gùn tó bá ti orí irú omi bẹ́ẹ̀ wá, bí ìgbà tí wọ́n ṣí fìríìjì sí èèyàn lójú ni.

Ibo lomi tútù yìí ti wá? Díẹ̀ nínú rẹ̀ ń ṣàn bọ̀ láti gúúsù, láti ọ̀nà ibi yìnyín. Ìṣàn Humboldt ni wọ́n ń pè é, nítorí pé Alexander von Humboldt, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, ki ẹ̀rọ ìwọ̀n ìgbóná bọ inú rẹ̀ ní etí òkun Peru ní ọdún 1802. Humboldt fúnra rẹ̀ ní wọn ò gbọ́dọ̀ sọ pé òun lòun ṣàwárí rẹ̀, pé ọmọdé apẹja gbogbo ló ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, òun kàn wọ̀n ọ́n ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn.

Èyí tó pọ̀ nínú òtútù náà ń ti ìsàlẹ̀ wá. Atẹ́gùn máa ń fẹ́ láti gúúsù sí àríwá lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí òkun yìí. Ẹ lè rò pé omi á kàn tẹ̀lé atẹ́gùn lọ tààrà. Rárá o. Nítorí pé ayé ń yí, omi ojú òkun ní ìhà gúúsù ayé máa ń yà sí apá òsì atẹ́gùn. Apá òsì ẹni tó bá kọjú sí àríwá níbẹ̀ sì ni àárín agbami. Omi ojú òkun a sì máa fi etí ilẹ̀ sílẹ̀ lọ, àyè a ṣófo, omi tútù láti ìsàlẹ̀ jíjìn a gòkè wá dí i. Oúnjẹ ẹja pọ̀ nínú omi ìsàlẹ̀ yẹn, ìdí nìyẹn tí ẹja fi kún etí òkun Peru àti Chile bí ẹni pé wọ́n dà á síbẹ̀. Irú rẹ̀ kékeré ń ṣẹlẹ̀ nílé wa náà: láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, omi tútù máa ń gòkè ní etí òkun Ghana àti agbègbè rẹ̀, ó sì wà lára ohun tó mú kí òjò Accra àti Lomé kéré sí ti Èkó.

Báwo ni omi tútù ṣe ń dí òjò lọ́wọ́? Ẹ wo fìríìsà alápótí tí àwọn ẹlẹ́ja dídì ń lò lọ́jà. Wọ́n á ṣí ìdérí rẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, òtútù ò ní jáde. Afẹ́fẹ́ tútù wúwo, ó máa jókòó sísàlẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni ti etí òkun yìí rí. Kí òjò tó lè rọ̀, afẹ́fẹ́ tó ru omi gbọ́dọ̀ gòkè lọ jìnnà, kí ó tutù, kí omi inú rẹ̀ dì pọ̀ di ẹ̀kán ńlá. Ṣùgbọ́n níbí, afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ tutù nítorí òkun, afẹ́fẹ́ tó wà lókè rẹ̀ sì gbóná, ó sì gbẹ, torí pé láti ibi gíga ló ti ń sọ̀ kalẹ̀. Èyí tó gbóná ló wá di ìdérí. Àwọsánmà á gòkè dé bíi mítà 1,000, á fi orí gbá ìdérí, á dúró. Ìyẹn ló ṣú lórí mi láàárọ̀ yẹn. Ní apá kejì ńkọ́, níbi tí òjò ì bá ti gba inú igbó Amazon wá? Òkè Andes dí i. Òjò máa ń tú ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ ní ìhà ìlà-oòrùn òkè náà kó tó kọjá.

Òkun dí i níwájú, òkè dí i lẹ́yìn. Ilẹ̀ tó wà láàárín ni aṣálẹ̀ Atacama.

Omi tó ń kọjá lókè orí

Lẹ́yìn pápákọ̀ òfurufú Iquique, ilé tán. Òkun lápá ọ̀tún, ògiri òkè lápá òsì, ọ̀dà títì dúdú láàárín. Kò sí koríko. Mi ò sọ pé koríko kò pọ̀ o, mo ní kò sí. Ní Patillos mo rí òkìtì funfun kan tó ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ: iyọ̀ ni, láti Salar Grande tó wà lẹ́yìn òkè. Àwọn tírélà ń dà á sílẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ń kó o lọ sókè òkun. Ká ní òjò ń rọ̀ níbí ni, iyọ̀ yẹn ì bá ti yọ́ tipẹ́.

Kò jìnnà síbẹ̀ ni òkè kan tí wọ́n ń pè ní Alto Patache wà. Èèyàn ò lè rí i láti ojú títì, àwọsánmà ti bo orí rẹ̀. Lókè yẹn, ní bíi mítà 850, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Kátólíìkì ti Chile ta àwọ̀n sáàárín òpó, bí ìgbà tí wọ́n ta àwọ̀n bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá. Camanchaca ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe kùrukùru tó ń gun òkè láti ojú òkun. Bí atẹ́gùn bá ti gbá a gba inú àwọ̀n, àwọn ẹ̀kán omi tíntìntín á lẹ̀ mọ́ okùn, wọ́n á so pọ̀, wọ́n á ṣàn sínú ọ̀pá tó wà nísàlẹ̀. Àwọ̀n tó fẹ̀ tó mítà kan ní gígùn, mítà kan ní ìbú, ń mú bíi lítà 7 wá lójúmọ́ ní ìpíndọ́gba. Kò sí ẹ́ńjìnnì, kò sí iná mànàmáná. Ẹ ò rí i pé ìyanu ni?

Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ẹ má tètè pàtẹ́wọ́. Ní abúlé Chungungo, tó jìnnà gan-an sí gúúsù ibi tí mò ń sọ yìí, wọ́n ta irú àwọ̀n bẹ́ẹ̀ tó tó ọgọ́rùn-ún ní àwọn ọdún 1990, gbogbo abúlé sì mu nínú rẹ̀. Kò tó ọdún mẹ́wàá kan sí méjì, atẹ́gùn ti fa àwọ̀n ya, kò sẹ́ni tó ń tún un ṣe mọ́, wọ́n padà sí omi táńkà. Kó ẹ̀rọ wá rọrùn. Ta ló máa gun òkè lọ rán àwọ̀n lọ́dọọdún ni ìbéèrè tó le.

Mo yà ní abúlé apẹja kan lẹ́yìn Patillos láti jẹun. Màmá tó ń din ẹja níbẹ̀ á tó ọmọ ọgọ́ta ọdún. Èdè Sípéènì mi kò ju ká fi ra búrẹ́dì lọ, ṣùgbọ́n a gbọ́ ara wa yé. Dúrọ́ọ̀mù aláwọ̀ búlúù méjì wà lẹ́yìn ilé rẹ̀, táńkà ló ń wá rọ omi sí i. Mo ní, “Señora, tí táńkà ò bá wá ńkọ́?” Ó na ọwọ́ sí báàkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta nílẹ̀. Omi tó fi ṣan ẹ̀fọ́ ló máa fi fọ abọ́. Èyí tó fi fọ abọ́ ló máa wọ́n sí iwájú ilé kí eruku má bàa dìde. Mo rántí ayé mẹ́ruwà l'Ékòó. Ìyàtọ̀ tó wà ńbẹ̀ ni pé àwa máa ń retí òjò. Òun ò retí nǹkan kan. Kí n tó lọ, ó rọ omi kún ìgò mi, mo fẹ́ sanwó, ó kọ̀. Mi ò mọ ohun tí ǹ bá sọ. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín pé kí ni mò ń wá nílẹ̀.

Odò Loa àti ìṣírò epo

Ọ̀sán ti pọ́n kí n tó dé ẹnu odò Loa, bíi kìlómítà 150 sí Iquique. Loa ni odò tó gùn jù lọ ní Chile, bíi kìlómítà 440, ṣùgbọ́n níbi tó ti wọ òkun, ọmọ ọdún mẹ́wàá lè fò ó. Kó tó di ogun ọdún 1879 sí 1884, òun ni ààlà Peru àti Bolivia. Chile ló gba ilẹ̀ méjèèjì. Lónìí àwọn aṣọ́bodè ló wà níbẹ̀, torí pé ọjà Iquique kò ní owó ibodè. Wọ́n tú báàgì mi wò, wọ́n rí ìgò omi àti ẹja díndín, wọ́n ní kí n máa lọ.

Ibẹ̀ ni atẹ́gùn ti bẹ̀rẹ̀. Kò sì ṣàdédé. Láàárọ̀, ilẹ̀ àti òkun ò yàtọ̀ púpọ̀ síra. Bí òòrùn bá ti là, àpáta á gbóná kíákíá, òkun ò ní gbóná; afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ á gòkè, ti orí òkun á sáré wá gba ipò rẹ̀. Ó wá parapọ̀ mọ́ atẹ́gùn gúúsù tí mo ti sọ. Mo sì ń lọ sí gúúsù. Iwájú gan-an ló ti ń gbá mi, ó ń ti hẹ́lúmẹ́ẹ̀tì mi sẹ́yìn bí ẹni pé ẹnì kan fi ọwọ́ dí mi níwájú.

Mo wo táǹkì. Epo tó kù kò ju lítà 3 ààbọ̀ lọ, Tocopilla ṣì ku kìlómítà 80. Kò sí ilé, fóònù ò mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ọkọ̀ tó ń kọjá kò pọ̀. Ẹ̀rọ alùpùpù ò mọ ilẹ̀ tó ń sá lé. Atẹ́gùn tó ń bá jà ló mọ̀. Agbára tí atẹ́gùn fi ń dí èèyàn lọ́nà kì í dàgbà lọ́kọ̀ọ̀kan: bí eré atẹ́gùn bá di ìlọ́po méjì, ìdíwọ́ á di ìlọ́po mẹ́rin. Mo fojú díwọ̀n atẹ́gùn yẹn sí kìlómítà 35 ní wákàtí kan. Tí mo bá ń sá 90, 125 latẹ́gùn ń rí. 90 lọ́nà 90 jẹ́ 8,100. 125 lọ́nà 125 jẹ́ 15,625. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Lítà kan tó ń gbé mi rin kìlómítà 28 láàárọ̀ lè má gbé mi ju 18 lọ báyìí, 18 lọ́nà 3 ààbọ̀ sì jẹ́ 63. Màá kù sọ́nà ní kìlómítà 17 sí ìlú.

Ṣùgbọ́n tí mo bá dín eré kù sí 60 ńkọ́? 60 àti 35 jẹ́ 95. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ bá 90 àárọ̀ dọ́gba, bí ìgbà tí atẹ́gùn rọlẹ̀. Ni mo bá dorí kodò sórí táǹkì, mo fi ìgbọ̀nwọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́, mo fọwọ́ pẹ̀lẹ́ mú tíọ́ǹtì. Tírélà kan kọjá mi, awakọ̀ rẹ̀ fọn fèrè, bóyá ó rò pé ẹ̀rù títì ló ń bà mí. Ìrìn wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú ni. Nígbà tí mo dé Tocopilla, wọ́n rọ lítà 8 lé díẹ̀ sínú táǹkì náà kó tó kún. Ẹ̀yin ọlọ́kadà tó ń ka èyí, ẹ rántí nígbà ọyẹ́: bí epo bá ku díẹ̀, tí ọyẹ́ ń gbá yín níwájú, eré kọ́ ló máa gbé yín délé.

Tocopilla kì í ṣe ìlú ẹlẹ́wà, kí n má purọ́. Ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 2007, tí agbára rẹ̀ tó 7.7, ba ọ̀pọ̀ ilé jẹ́ níbẹ̀. Àmì tó ń tọ́ka ọ̀nà òkè fún ẹni tó bá ń sá fún sùnámì wà káàkiri àdúgbò. Ìsàlẹ̀ òkun níwájú ìlú ń rì bọ abẹ́ ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà díẹ̀díẹ̀, ìyẹn ló ń mi ilẹ̀, ìyẹn náà ló gbé Andes ga tó fi dí òjò.

Etí òkun ìlú yìí ni wọ́n ti ń kó iyọ̀ mìíràn wọ ọkọ̀: náítréètì, tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀ àti ẹ̀tù ìbọn. Omi ń yọ́ náítréètì kíákíá, kò sì lè pẹ́ lórí ilẹ̀ tí òjò ń rọ̀ sí. Àìrọ òjò fún àìmọye ọdún ló jẹ́ kó kóra jọ sí Atacama, nítorí rẹ̀ sì ni wọ́n ṣe ja ogun 1879 yẹn. Lẹ́yìn náà, ní 1909, Fritz Haber ní Jámánì fi hàn pé èèyàn lè fa nítrójìn látinú afẹ́fẹ́. Nígbà tó ṣe, ọjà náítréètì wó, àwọn ìlú tí wọ́n kọ́ nítorí rẹ̀ sì di ahoro.

Mo sáré kọjá Cobija, tó ti jẹ́ èbúté Bolivia nígbà kan. Ògiri amọ̀ tó ti wó ló kù. Sùnámì 1868 àti ti 1877, pẹ̀lú àìsàn ibà pọ́njú tó bọ́ sáàárín wọn, ló lé àwọn èèyàn kúrò.

Omi Antofagasta

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí mo wọ Antofagasta. Ìlú ńlá ni, ilé gíga gíga létí òkun, òdòdó láàárín títì. Mo ṣí ẹ̀rọ omi ilé ìtura, omi tú jáde. Ìtàn omi yẹn ló wù mí jù nínú gbogbo ìrìn yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dùn.

Omi Antofagasta kò tó rí láti ọjọ́ tí ìlú ti wà. Ní 1958 wọ́n fa omi odò tuntun, Toconce, láti orí Andes wá. Omi náà mọ́ gaara, kò ní òórùn, kò sì korò. Arsenic ló wà nínú rẹ̀, májèlé tó ń ti inú àpáta òkè ayọnáyèéfín wá, bíi máíkírógírámù 860 nínú lítà kan. Òdiwọ̀n tí àjọ ìlera àgbáyé fọwọ́ sí lónìí jẹ́ 10. Ọdún méjìlá ni wọ́n fi mu ún. Àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í ní àmì dúdú lára, àtẹ́lẹwọ́ le. Nígbà tó di 1970, wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń po èròjà onírin mọ́ omi, kí arsenic lẹ̀ mọ́ irin, kí ó sìlẹ̀, kí wọ́n sẹ́ ẹ. Arsenic inú omi bọ́ sílẹ̀ lójijì.

Àìsàn ò bọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró àti ti àpò ìtọ̀ ṣì ń pa àwọn ará agbègbè náà ju ti ibòmíràn ní Chile lọ ní ogún, ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn tí omi ti mọ́. Àwọn tí ìyá wọn lóyún wọn láàárín 1958 sí 1970, tàbí tí wọ́n jẹ́ ìkókó nígbà náà, wà lára àwọn tó jìyà rẹ̀ jù nígbà tí wọ́n dàgbà. Àwọn tó ń ṣèwádìí kárí ayé ṣì ń lọ síbẹ̀ títí dòní, torí ó ṣọ̀wọ́n kí èèyàn mọ ọdún tí májèlé wọ omi ìlú kan àti ọdún tó jáde.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbẹ́ bohóòlù sẹ́yìn ilé, ẹ jọ̀wọ́: síse omi kì í lé arsenic. Omi á dín kù nínú ìkòkò, arsenic á dúró síbẹ̀. Àyẹ̀wò ní láàbù nìkan ló lè sọ ohun tó wà níbẹ̀.

Láti 2003, òkun gan-an ni Antofagasta ti ń mu. Wọ́n ń fi ẹ̀rọ ti omi òkun gba inú awọ kan tí ihò rẹ̀ kéré débi pé omi lè kọjá, iyọ̀ ò lè kọjá. Kí omi tó gbà bẹ́ẹ̀, agbára tí wọ́n fi ń tì í gbọ́dọ̀ tó bíi ọgọ́ta ìlọ́po ti afẹ́fẹ́ tó yí wa ká, lítà ẹgbẹ̀rún kan sì ń jẹ iná bíi yúnííìtì 3 sí 4. Omi iyọ̀ tó ṣẹ́ kù ń padà sínú òkun. Mo bu ife kan mu. Kò ládùn kankan. Mo bu òmíràn, mo fi fọ iyọ̀ tó gbẹ mọ́ gíláàsì hẹ́lúmẹ́ẹ̀tì mi, mo sì rí i pé mi ò lè da ìyókù nù. Mo gbé e lọ sísàlẹ̀, mo fi nu alùpùpù.